Ọ̀dà Ló Ń Dán, Irin Ti Jẹrà: Ìkìlọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Bọ́ọ̀sì Volkswagen Àtijọ́

Ẹ̀yin ará Ọ̀fà, ẹ̀yin tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká tètè sọ kó tó di ohun tí à ń fi omijé sọ. Bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ti tún di ohun tí àwọn èèyàn ń wá kiri. Wọ́n á kùn ún lọ́dà méjì, funfun lókè, pupa tàbí búlúù nísàlẹ̀. Wọ́n á to ibùsùn, kọ́bọ́ọ̀dù àti sítóòfù gáàsì sínú rẹ̀. Ẹlòmíì fẹ́ máa fi gbé ẹbí rìnrìn àjò. Ẹlòmíì, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Poli, fẹ́ gbé e síwájú ọgbà ilé-ìwé kó máa ta oúnjẹ nínú rẹ̀. Olùkọ́ tó gba owó ìfẹ̀yìntì rò pé òun á fi kó ọmọ iléèwé. Gbogbo wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀: bí ẹ kò bá tíì rí abẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹ má san kọ́bọ̀. Ohun tó lè pa yín, tó sì lè pa ọmọ ọlọ́mọ mọ́ yín, lẹ fẹ́ fowó rà.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra àlòkù o. Tòkunbọ̀ la fi ń gbé ayé ní orílẹ̀-èdè yìí, a kò sì lè purọ́ fún ara wa. Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, UNEP, sọ nínú àbọ̀ tó gbé jáde ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni wọ́n kó kúrò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín 2015 sí 2018, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ní ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò ti ìjọba Netherlands wo àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Áfíríkà láti èbúté wọn. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ìwé ẹ̀rí mọ́ pé ọkọ̀ náà ṣeé wà lójú pópó. Ìjọba tiwọn kò jẹ́ kí wọ́n wà á níbẹ̀ mọ́, ẹnìkan sì rò pé ó ṣeé wà lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo.

Mo mọ ìdí tí ọkàn fi ń fà sí bọ́ọ̀sì yìí. Àwọn àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún rántí rẹ̀ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ Mandilas ló ń kó Volkswagen wọlé fún wa kí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó ní 1975. Bọ́ọ̀sì yìí gbé ìyàwó, ó gbé òkú, ó gbé míṣọ́nnárì, ó gbé ẹgbẹ́ eléré. Nígbà tó yá, ó di dánfó. Ẹni tó bá gùn ún nígbà èwe rẹ̀ á máa rò pé ọkọ̀ tí òun mọ̀ nígbà náà ló ṣì wà níwájú òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àkọ́kọ́ ní Jámánì. Irú kejì tí a mọ̀ jù níhìn-ín, tó ní gíláàsì iwájú kan ṣoṣo tó fẹ̀, jáde ní 1967, wọ́n sì dá a dúró ní Jámánì ní 1979. Irú kẹta, èyí tó ní igun mẹ́rin bí àpótí, bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ó sì parí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gúúsù Áfíríkà ṣì ń ṣe é títí di 2002. Kí ẹ fọkàn sí ìṣirò yẹn. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú irú kejì tó ti Jámánì wá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó ti gbé òjò àti yìnyín Yúróòpù, ó ti rìn lórí iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ń dà sójú títì nígbà òtútù, kó tó wá bá oòrùn àti òjò tiwa.

Iyọ̀ yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù, nítorí ó máa ń jẹ irin. Ọkọ̀ akẹ́rù tàbí píkọ́ọ̀pù ní ṣáásì ọ̀tọ̀ tó nípọn, tí wọ́n gbé bọ́dì lé lórí. Bí bọ́dì rẹ̀ bá jẹrà, ṣáásì ṣì lè gbé e dúró. Bọ́ọ̀sì Volkswagen yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́dì rẹ̀ gan-an ni ṣáásì rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì jó pọ̀, ni gbogbo agbára ọkọ̀ náà. Nígbà tí ìpáàrà bá jẹ etí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, tó jẹ irin ìdábùú tó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ ró, tó sì jẹ ibi tí áàsù iwájú ti de mọ́ bọ́dì, eegun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti ṣẹ́. Kò ní wó lójú ẹsẹ̀. Á dúró síbẹ̀, á máa dán, títí di ọjọ́ tí yóò já sínú kòtò pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó sí ọgbà pánẹ́bítà fún wákàtí mélòó kan ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ohun yẹn pamọ́. Wọn kò ní gé irin tó dógùn-ún jáde, nítorí irin tuntun wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ sì pẹ́. Wọ́n á fi páànù, nígbà míì páànù agolo pàápàá, bo ojú ihò náà. Wọ́n á po bọdifílà lé e lórí, wọ́n á fi sáńpépà họ ọ́ títí yóò fi dán, wọ́n á wá fín ọ̀dà sí i. Lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á kun ọ̀dà dúdú tó nípọn bí kóótà, wọ́n á ní àwọn fi dáàbò bo irin ni. Irọ́ ni. Ọ̀dà dúdú tútù lábẹ́ ọkọ̀ tó ti pé ogójì ọdún, ìdí tí wọ́n fi kùn ún nìkan ni kí ẹ máa wá.

Ohun tí ẹ máa fi rí i kò wọ́n. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òòfà ẹ̀yìn sípíkà tó ti bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ kan wé e kó má baà ha ọ̀dà, ẹ sì máa gbé e lé ara ọkọ̀ náà láti ibì kan dé ibì kejì. Níbi tí irin bá wà, á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí bọdifílà bá nípọn, á já bọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lọ sí àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lọ sí abẹ́ gíláàsì iwájú níbi tí rọ́bà rẹ̀ ti pàdé irin, ẹ lọ sí igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ ibi tí báttìrì jókòó sí nínú ilé ẹ́ńjìnì. Omi báttìrì máa ń jẹ ibẹ̀ wọlẹ̀. Nínú irú kẹta, ẹ wo gbogbo ojú ìránpọ̀ tó wà lára ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti wú níbẹ̀ bí ẹni tí iná jó, ìpáàrà ti wà nínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí jáàkì. Ibi tí wọ́n ń ki jáàkì bọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yìí gan-an jẹ́ àyẹ̀wò: bí ẹ bá gbé jáàkì sí i tó ń rọ̀ wọnú dípò kí ọkọ̀ gòkè, ẹ padà sílé. Ẹ fi ìdí sukurudiráfà kan ilẹ̀ ọkọ̀ kó-kó-kó. Irin tó le máa ń dún gbọnrangandan. Èyí tó ti jẹrà á dún bí páálí. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ẹ gbé pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé ibùsùn sí, àwọn pákó àti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n fi ń bo ihò jù. Ẹ sì wo òrùlé. Àwọn kan máa ń gé òrùlé ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé èyí tó ń ṣí sókè lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà, irú bíi Westfalia ní Jámánì, máa ń fi irin mìíràn dì í padà. Wẹ́dà tó gé e lọ́jọ́ kan lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí a gé òrùlé rẹ̀ tí a kò dì í kò sì ní ohunkóhun tí yóò gba orí èrò là bó bá takìtì.

Ohun tó tún burú ju èyí lọ, tí n kò mọ bí ọkàn ẹnikẹ́ni ṣe ń gbà á láti ṣe é, ni ọ̀rọ̀ sítíárín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì onílé yìí ló ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́hùn-ún, apá ọ̀tún ni sítíárín wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti yí padà sí wíwa ọkọ̀ lápá ọ̀tún títì, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sì ti kìlọ̀ léraléra pé ọkọ̀ tí sítíárín rẹ̀ wà lápá ọ̀tún kò bófin mu. Kí wá ni àwọn tó ń tà á ń ṣe? Wọ́n á yí i. Wọ́n á tú àpótí sítíárín, wọ́n á tú ẹsẹ̀ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí apá òsì, níbi tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kò dá àyè sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀pá tí kò gùn tó, wọ́n á gé òmíràn jó mọ́ ọn. Páìpù bíréèkì tí kò dé, wọ́n á so ó mọ́ra. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ yẹn rìn dáadáa fún oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tí ojú ibi tí wẹ́dà jó bá là, sítíárín á máa yí lọ́wọ́ yín, táyà kò sì ní yí.

Àmì tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n wà níta gbangba. Ẹ wo ilẹ̀kùn tó ń fà lọ sẹ́yìn. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni ilẹ̀kùn yẹn wà, nítorí apá òsì ni etí títì tiwọn. Bí ẹ bá rí bọ́ọ̀sì tí sítíárín rẹ̀ wà lápá òsì, tí ilẹ̀kùn fífà rẹ̀ náà sì wà lápá òsì, ẹ bi oníṣòwò ní ìbéèrè líle. Yàtọ̀ sí pé wọ́n lè ti yí sítíárín, ilẹ̀kùn yẹn á máa sọ èrò yín kalẹ̀ sí àárín títì, síwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Fojú inú wo ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún tan iná iwájú rẹ̀ sí ara ògiri lálẹ́: iná ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gòkè díẹ̀ sí apá òsì, èyí tó túmọ̀ sí pé ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú yín ló máa ń fọ́. Ẹ wọlé sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin. Bí ẹ bá rí i lára ohunkóhun tó kan sítíárín tàbí bíréèkì, ẹ má dúnàá-dúrà mọ́. Kò sí iye tó kéré tó fún ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì rántí ibi tí dẹ́rẹ́bà jókòó sí. Kò sí ẹ́ńjìnì níwájú ọkọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà àti ti ẹni tó jókòó tì í ló kọ́kọ́ ń pàdé ohun tí ọkọ̀ bá kọ lù. Oṣù kẹjọ ọdún 1972 ni Volkswagen tó fi irin tó ń fà mọ́ra sí iwájú irú kejì láti gba díẹ̀ lára agbára ìkọlù náà. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò ní in. Bí ìpáàrà bá wá ti jẹ abẹ́ gíláàsì iwájú, páànù àti ọ̀dà nìkan ló wà láàárín yín àti tírélà.

Iná ńkọ́? Ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn; nínú irú àkọ́kọ́ àti irú kejì, táǹkì epo wà nítòsí rẹ̀. Họ́ọ̀sì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé bẹntiróòlù láti táǹkì lọ sí kábúrétọ̀, ooru sì ń yan rọ́bà yẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ó bá gbó, á sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í kán epo sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná. Dẹ́rẹ́bà kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ nítorí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn, kò sì ní rí èéfín títí ẹlòmíì lójú títì á fi máa ké pè é. Epo tiwa náà kì í ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Gbogbo wa la rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí ọtí methanol ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ilé epo wa. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ máa ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì pàápàá kò sọ fún oníbàárà: irin tí wọ́n fi ṣe ìkarahun ẹ́ńjìnì tí atẹ́gùn ń tù nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní mágnísíọ́ọ̀mù nínú. Bó bá gbaná, omi kì í pa á, ṣe ni omi á tún mú un jó sí i. Iyanrìn gbígbẹ ló lè bò ó. Ẹ kó èèyàn jáde, kí ẹ sì jìnnà sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó rà á, ẹ tẹ họ́ọ̀sì epo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́. Èyí tó le bí igi, tàbí tó ní ojú sísán, ti kú. Ó yẹ kí ẹ rí kílíìpù lára oríkèé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe wáyà tí wọ́n lọ́ mọ́ ọn. Wáyà iná náà, ẹ wò ó. Àwọn onírewáyà wa mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá so gílóòbù, fáànù àti fíríìjì kékeré mọ́ báttìrì láìfi fíúùsì sí i, ó ti to igi ìdáná jọ sínú ọkọ̀ yín.

Sítóòfù àti sìlíńdà gáàsì tó wà nínú ọkọ̀ onílé yìí, èrò tèmi ni pé kí ẹ yọ wọ́n jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń sùn sí, á dúró de ẹni tó máa ṣáná. Àwọn tó sì fẹ́ yí ẹ́ńjìnì sí gáàsì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní CNG nítorí bí owó epo ṣe gòkè láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sìlíńdà inú ọkọ̀ kan bú gbàmù nílé epo kan ní ìlú Benin nígbà tí wọ́n ń rọ gáàsì sí i, àwọn èèyàn sì fara pa. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ CNG sọ pé sìlíńdà náà kì í ṣe irú tó yẹ fún un, wọ́n ti jó o tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ máa sùn nínú ọkọ̀ náà, ẹ gbọ́ èyí. Èéfín ẹ́ńjìnì ní kábọ́ọ̀nù mónósáìdì nínú. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá fà á símú lójú oorun lè má jí mọ́. Rọ́bà kan yí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yìí ká tó ń dínà èéfín. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, rọ́bà yẹn sábà máa ń ti já tàbí kó ti sọnù. Páìpù èéfín tó sì jó ń tú u sókè gba ilẹ̀ tó ti lu. Ẹ má tan ẹ́ńjìnì tàbí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ sùn tì í, láé.

Táyà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lára táyà: 3417 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 2017. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni àwọn aláṣẹ wa ní kí a máa lo táyà mọ, ó sì wà nínú ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò fẹ́ kó wọlé bó bá jẹ́ àlòkù. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Mínísítà James Ocholi kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, FRSC sì sọ pé táyà ẹ̀yìn tó bẹ́ wà lára ohun tó fà á. Ọkọ̀ ìjọba nìyẹn o. Ẹ ra táyà tuntun, ẹ kà á mọ́ owó ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò kéré sí ọ̀rọ̀ irin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara sì bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà ní Bàrùtẹ́n, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ Kùtọnu ń gba ojú ọ̀nà igbó wọlé. Bí ẹ bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ẹni tó tà á fún yín kò ní sí níbẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé owó orí Kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ gbé e lọ fún wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì tó wà lórí ìwé wé èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin nínú ilé ẹ́ńjìnì. Lára irú kejì, nọ́ńbà náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, ẹyọ kẹta sì ń tọ́ka sí ọdún: bó bá jẹ́ 4, ọkọ̀ ọdún 1974 nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1981 ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, kò sì gbọ́dọ̀ sí I, O tàbí Q nínú wọn. Bí ojú irin tí nọ́ńbà náà wà bá rí bí èyí tí wọ́n họ tàbí tí wọ́n jó mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ olè ni kí ẹ kà á sí.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí omi ti bò. Lẹ́yìn omíyalé bíi ti àfonífojì Ahr ní Jámánì ní oṣù keje ọdún 2021, tàbí ti ìjì Harvey ní Amẹ́ríkà ní 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní béèrè. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé ìparí rẹ̀: bí ẹrẹ̀ bá wà ní ìdí rẹ̀, omi ti wọ ọkọ̀ yẹn.

Bí oníṣòwò bá ń kánjú, ẹ̀yin ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ ní kó má tan ẹ́ńjìnì kí ẹ tó dé, nítorí ẹ́ńjìnì tútù ló ń sọ òtítọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án: bó bá ti gbóná, ó ń fi nǹkan pa mọ́. Nínú irú kẹta tí omi ń tù, ẹ ṣí ibi tí omi wà. Bí ó bá jẹ́ omi kànga pupa ló wà níbẹ̀, ó ti ń jẹ orí ẹ́ńjìnì náà, páìpù gígùn méjì tó ń gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sí rédíétọ̀ iwájú sì ti lè lu. Ẹ wà á jáde kúrò láàárín ìlú, ẹ má ṣe wà á yí ọjà Òwódé ká nìkan. Ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀ níbi tí títì ti ṣófo kí ẹ wò ó bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mẹkáníìkì tí ẹ máa mú dání, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sanwó fún un, kí ẹ sì san án kó tó wo ọkọ̀. Àṣà kan wà tó ń pa wá: ẹni tó bá mú oníbàárà wá máa ń gba ẹ̀gúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó tajà. Bí mẹkáníìkì yín bá mọ̀ pé bí ẹ kò bá rà á òun kò ní rí nǹkan kan gbà, kí ni yóò sọ? Àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ń rí ọkọ̀ wọ̀nyí lórí fóònù tí ẹ sì ń fi ránṣẹ́ sílé fún bàbá láti fi dá a lọ́lá: ẹ lè wo àbájáde àyẹ̀wò ọkọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MOT, fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láìsan kọ́bọ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ nìkan lẹ máa tẹ̀. Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé ọkọ̀ tó ti pé ogójì ọdún lè rìn níbẹ̀ láìṣe MOT rárá bí wọn kò bá yí i padà púpọ̀. Àìsí àbùkù nínú ìwé kò sọ pé irin rẹ̀ le. Bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì bá ti kọ ọ́ pé ìpáàrà jẹ ẹ́, kí ló dé tí ẹ fi ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bí yín?

Ẹ̀yin pánẹ́bítà àti wẹ́dà Ọ̀fà, mo mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́ yín. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá pé kí ẹ fi páànù bo ihò rẹ̀ kí wọ́n lè tà á, ẹ kọ̀ ọ́. Ọmọ tí yóò gùn ún lè jẹ́ tiyín.

Ẹ̀yin onílé-ìwé, ẹ má fi ọkọ̀ yìí kó ọmọ, ì báà ṣe èyí tí wọ́n tún ṣe dáadáa. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ṣe kí bẹ́líìtì tó di dandan, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò yẹ fún ọmọdé. Àwọn òbí náà, ẹ lọ wo ọkọ̀ tí ọmọ yín ń wọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra tirẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, kó gbé e sórí jáàkì níṣojú oníṣòwò, kó fi òòfà àti tọ́ọ̀ṣì wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí oníṣòwò bá ní òun kò gbà kí wọ́n gbé ọkọ̀ òun sókè, ẹ má bá a jà. Ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.